Ẹ Jẹ́ Kí Ọwọ́ Wọn Pàdé Nínú Amọ̀

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ òòjọ́ gbé wá sí Minna, ọ̀rọ̀ eré ọmọdé ni mo mú wá lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fojú kékeré wò ó.

Àwọn kan wà nínú àwọn ọmọ wa tí ọpọlọ wọn ń gba ìró, ìmọ́lẹ̀ àti ìfọwọ́kàn lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ wọn. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún, ọmọ di etí, ó figbe ta. Òmíràn kì í wo ojú ẹni, ṣùgbọ́n yóò máa da iyanrìn láti ọwọ́ kan sí èkejì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọ̀kan nínú irú ipò bẹ́ẹ̀ ni àwọn dókítà ń pè ní ọ́tísíìmù. Ó ti wà nínú ìwé wọn láti ọdún 1943, nígbà tí Leo Kanner kọ̀wé nípa ọmọ mọ́kànlá ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan láàárín wa ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní emèrè. Irọ́ ni. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìyá.

Síbẹ̀, ìyá kan ti ṣíwọ́ wíwá sí Mísà nítorí ojú tí a fi ń wo ọmọ rẹ̀. Yàrá kan àti pálọ̀ ni wọ́n ń gbé, ibẹ̀ ni ọmọ náà wà tọ̀sán-tòru. Ká ní ilé ni wọ́n wà, ìyá àgbà ì bá mú un jókòó lábẹ́ igi, kí òun àti àwọn ọmọ yòókù jọ máa fi iyanrìn se ọbẹ̀. Àjò ti gba ìyẹn lọ́wọ́ wa. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ka eré mọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ. Ta ni yóò wá bá a ṣeré nínú pálọ̀?

Ìpínlẹ̀ amọ̀kòkò ni a wà. Ní Suleja, tó ń jẹ́ Abuja nígbà náà, ni Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìmọ̀kòkò ní 1954; àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó náírà 20. Amọ̀ kò wọ́n wa. Ẹ bu ú sínú abọ́ ńlá, ẹ bu omi sí òmíràn, kí ẹ pe ọmọ náà pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ọmọ tó bá ń kó nǹkan sẹ́nu, ẹ̀kọ tútù ni kí ẹ fún un.

Ẹ má fipá ti ọwọ́ rẹ̀ bọ inú amọ̀ o. Bí kò bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, ẹ fún un ní ṣíbí, tàbí kí ẹ jẹ́ kó máa wòran. Ẹ fi igun kan sílẹ̀ tó lè sá sí bí ariwo bá pọ̀. Ẹ pa rédíò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Kí ẹ sì ṣàlàyé fún àwọn ọmọ yòókù ìdí tó fi ń di etí. Ọmọdé tètè ń gbà ju àgbà lọ. Eré yìí kì í ṣe oògùn, kò ní sọ ọmọ di ẹlòmíràn. Ohun tó ń ṣe ni pé ọmọ náà yóò ní ẹni tí wọ́n jọ ń ṣeré.

Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn Mísà kejì, a ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò. Ẹni tó bá ń gbé nítòsí irú ìyá bẹ́ẹ̀, kó lọ kàn án lẹ́nu ọ̀nà, kó sì mú ọmọ tirẹ̀ dání.