Ẹja Ọ̀yán àti Àìsàn Tí Wọ́n Ń Fi Pamọ́

Ọ̀rọ̀ ẹja la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n ó kan ìtọ̀ náà. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Ọdún 1983 ni Ààrẹ Shehu Shagari ṣí dáàmù Ọ̀yán, nítòsí Abẹ́òkúta, kí Abẹ́òkúta àti Èkó lè rí omi ẹ̀rọ. Omi bo ilẹ̀ àwọn ará ibẹ̀, wọ́n sì ní láti kó lọ tẹ ibòmíràn dó. Adágún ńlá yẹn làwọn apẹja ti ń pa epìyà àti àrọ̀ tí à ń fi jẹ ẹ̀bà.

Ṣùgbọ́n omi tó dúró sójú kan máa ń fún ìgbín wẹẹrẹ inú odò láyè láti pọ̀, inú ìgbín yìí sì ni aràn kan ti ń dàgbà. Bí apẹja bá wọ omi láti tú àwọ̀n, ọmọ aràn náà á gba awọ ara rẹ̀ wọlé. Tó bá pẹ́ díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀. Tó bá tún tọ̀ sínú omi, ẹyin aràn á padà sọ́dọ̀ ìgbín.

Àtọ̀sí ajá ni wọ́n ń pè é nílẹ̀ wa. Orúkọ yẹn gan-an ni wàhálà. Ẹni tó bá ti gbọ́ "àtọ̀sí", ìṣekúṣe lọkàn rẹ̀ máa lọ. Ojú á wá máa ti ọ̀dọ́kùnrin tó ní in, kò ní sọ fún ẹnì kan. Àwọ̀n ló ń fi wá oúnjẹ, ẹ̀sùn obìnrin ni wọ́n ń kà sí i lọ́rùn!

Àwọn olùwádìí ti yẹ ìtọ̀ àwọn ọmọ iléèwé wò ní Ibaro àti Abúlé Titun lẹ́bàá adágún náà, wọ́n sì rí ẹyin aràn yìí nínú ti ọ̀pọ̀ wọn. Ṣé àwọn ọmọdé yẹn náà ń ṣe ìṣekúṣe ni?

Ẹ fọkàn balẹ̀, jíjẹ ẹja kì í kó o ranni. Oògùn rẹ̀ sì wà: praziquantel, tí wọ́n máa ń fi ìwọ̀n ara ṣírò ní ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè di jẹjẹrẹ inú àpò ìtọ̀.

Torí náà, bí ọ̀rẹ́ yín tó ń pẹja bá ní òun ń tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ mú un lọ ṣàyẹ̀wò.