Àbùdá Ni, Kì Í Ṣe Ogún
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́, lórí kíkọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà

Ẹ ní kí a wá sọ díẹ̀ nípa ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ọmọ yín máa ń ráhùn lé lórí bí wọ́n bá ti yunifásítì wálé fún ìsinmi, èyí tí a ń pè ní object-oriented programming. Ọ̀nà kan ni láti kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, nípa pípín iṣẹ́ láàárín ohun púpọ̀ tí ń ránṣẹ́ sí ara wọn, tí olúkúlùkù sì mọ iṣẹ́ tirẹ̀.

Ìlú Oslo ní ilẹ̀ Nọ́wè ni ọ̀nà yìí ti ṣẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ole-Johan Dahl àti Ọ̀gbẹ́ni Kristen Nygaard ni ó dá èdè Simula sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, kí kọ̀ǹpútà lè máa ṣe àfarawé iṣẹ́ ayé. Alan Kay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà mú un gbòòrò sí i nínú èdè Smalltalk ní àwọn ọdún 1970. Lẹ́yìn tí èdè Java sì jáde ní 1995, ó tàn dé yunifásítì káàkiri, tiwa kò sì gbẹ́yìn. Ẹ fiyè sí i pé láti inú iṣẹ́ ayé ni a ti mú un wá. Àwa olùkọ́ ni a gbé e kúrò níbẹ̀.

Bí a ti ń kọ́ ọ nìyí: olùkọ́ a kọ ọ̀rọ̀ gígùn mẹ́rin sára pátákó, a ní ajá jẹ́ ẹranko, ológbò jẹ́ ẹranko, ajá ń gbó, ológbò ń ké. Àwọn ọmọ a kọ́ ọ sórí, wọn a sì yege. Ṣùgbọ́n bí oníṣòwò kan bá ní kí wọ́n wá fi kọ̀ǹpútà to ìwé ìṣirò òun, wọn kò mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò sanwó fún ajá tí ń gbó nínú kọ̀ǹpútà? Àwa náà ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan, a kò sì fi í yangàn.

Nítorí náà ni a ṣe pa ajá àti ológbò tì, tí a mú káàdì alájọ. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa: àwòṣe kan ni ilé ìtẹ̀wé fi ń tẹ gbogbo káàdì náà, ojú 31 lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwòṣe tí ó wà lọ́wọ́ onítẹ̀wé ni class. Káàdì tí ó wà lọ́wọ́ ìyá aláta ni object. Kò sí ẹni tí ó lè dá owó sínú àwòṣe. Bẹ́ẹ̀ ni bí ẹnikẹ́ni bá lè gbé kálàmù kí ó kọ iye tí ó wù ú sínú káàdì, àjọ ti bàjẹ́. Ọ̀nà tí a là sílẹ̀ nìkan ni a gbọdọ̀ fi fọwọ́ kàn án. Èyí ni àwọn ìwé fi ojú ewé púpọ̀ ṣàlàyé.

Ibi tí wàhálà wà jù lọ ni irú káàdì kejì, tí alájọ tẹ̀ fún àwọn oníbàárà tí ó lè yá owó. Ó ní gbogbo ohun tí ti àkọ́kọ́ ní, a sì fi àyè gbèsè kún un. Gẹ̀ẹ́sì pe èyí ní inheritance, àwa sì túmọ̀ rẹ̀ sí ìjogún. Ọmọkùnrin kan dìde, ó ní: “Ẹ jọ̀wọ́ sà, bí káàdì kejì bá ti jogún ti àkọ́kọ́, ṣé owó ìyá aláta ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó yáwó nìyẹn?” Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, àwa kò lè rẹ́rìn-ín. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ́ ọ, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ó fi ń ronú. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó ni nǹkan ní láti kú kí a tó jogún rẹ̀, oko kan náà ni ó sì ń ti ọwọ́ bàbá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Ẹ̀yin ìjòyè tí ẹ ń parí ẹjọ́ ogún mọ èyí jù wá lọ. Nínú kọ̀ǹpútà kò sí ẹni tí ó kú, kò sì sí ohun ìní tí ó ṣí nípò. Ó dà bí imú: ọmọ ní imú bàbá rẹ̀, imú bàbá sì wà lójú bàbá síbẹ̀. Àbùdá ni ọmọ gbà, kì í ṣe ogún. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Bí a bá wá rán iṣẹ́ kan náà sí káàdì méjèèjì pé, “Kó owó mi fún mi,” olúkúlùkù yóò dáhùn ní ọ̀nà tirẹ̀. Ìyá aláta dá 500 náírà lójúmọ́ fún ọjọ́ 30; a yọ ti ọjọ́ kan fún alájọ, ó ku 14,500. Ẹni tí ó dá iye kan náà, ṣùgbọ́n tí ó jẹ gbèsè 4,000, yóò gba 10,500. Ẹni tí ó ránṣẹ́ kò ní láti béèrè irú káàdì tí ó jẹ́.

Ní 1989 ni Kent Beck àti Ward Cunningham, ọmọ Amẹ́ríkà méjì, tẹ ọ̀nà kan jáde tí a fẹ́ràn púpọ̀. A ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní páálí kékeré, kí ó kọ orúkọ ohun kan sí i, iṣẹ́ tí ó wà lọ́rùn rẹ̀, àti àwọn tí yóò ké sí fún ìrànlọ́wọ́. Kí a tó tan kọ̀ǹpútà rárá, ọmọ kan ti di káàdì, èkejì ti di alájọ, ẹ̀kẹta ti di ìwé gbèsè, wọ́n sì ń ránṣẹ́ sí ara wọn ní Yorùbá. Níbi tí ọmọ kan bá ti dákẹ́, tí kò mọ ẹni tí yóò ké sí, ibẹ̀ gan-an ni àbùkù ètò náà wà, gbogbo wọn a sì rí i. Ó ń jẹ àkókò, bí ọmọ bá sì pọ̀ jù, ariwo a di ti ọjà.

Àwọn kan ní kò yẹ kí a kọ́ ọmọ ọdún kìíní ní èyí. Ní 2011, Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀kọ́ ọ̀ranyàn ọdún náà. A kò bá wọn jiyàn. Ọmọ tí kò tíì lè to àṣẹ mẹ́wàá tẹ̀léra kò tíì tó gba káàdì. Ọdún kejì ni ó dára lójú tiwa.

Ohun tí a wá tọrọ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀. Àwòṣe àti àbùdá tẹ́ wa lọ́rùn, ṣùgbọ́n “ohun” tí a ń pe object fẹjú jù, nítorí ohun ni òkúta, ohun náà sì ni ìlù. Bí ẹ̀yin àgbà bá ní ọ̀rọ̀ tí ó ṣe wẹ́kú jù ú lọ, ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé kí ìwé ìròyìn oṣù tí ń bọ̀ tó jáde. Ọ̀sẹ̀ kìíní sáà tuntun ni a ó fi kọ́ àwọn ọmọ náà.