Aro Ẹ̀ẹ̀kan Ṣoṣo: Ohun Tí Ọ́kẹ́sítírà Yunifásítì Ń Retí Lọ́dọ̀ Akẹ́kọ̀ọ́

Ní ọdún 1702, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ìyá rẹ̀ fẹ́ kó di agbẹjọ́rò, tó sì ń kọ́ òfin ní Yunifásítì Leipzig nílẹ̀ Jámánì, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ kí wọ́n lè jọ máa ṣe orin. Georg Philipp Telemann lorúkọ rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1729, ọwọ́ Johann Sebastian Bach ni ẹgbẹ́ náà bọ́ sí, ilé kọfí Zimmermann ni wọ́n sì ti ń ṣeré: nígbà òtútù, ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, láti aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ìbéèrè tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé ti wà nílẹ̀ láti ìgbà náà: kí ló tọ́ kí ẹgbẹ́ olórin máa retí lọ́dọ̀ ọmọ tó ní ìwé mìíràn tó ń kà?

Ohun àkọ́kọ́, ilé ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló rò pé ibi ìdánrawò ni èèyàn ti ń kọ́ ipa tirẹ̀. Rárá o. Yàrá ni kálukú ti ń kọ́ tirẹ̀. Ìdánrawò wà fún gbígbọ́ ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: bí èèyàn 70 bá jókòó, tí olùdarí sì dá orin dúró fún ìṣẹ́jú 5 nítorí ẹnì kan tí kò kọ́ ìlà rẹ̀, ìṣẹ́jú 350 ló bá a lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 6. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà tó ń fún ọmọ ní máàkì nídìí ọ́kẹ́sítírà fi ń ka wíwá déédéé sí pàtàkì. Wọ́n jàre.

Kí aago ìbẹ̀rẹ̀ tó lù, oníkálukú ti jókòó, ohun èlò ti jáde nínú àpò. Ariwo rọlẹ̀. Ẹni tó ń fọn oboe fọn ohùn kan, èyí tó ń gbọ̀n ní ìgbà 440 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo àwọn yòókù sì tún ohùn tiwọn ṣe sí i. Méjì méjì ni àwọn tó ń ta fayolíìnì jókòó sídìí ìwé orin kan. Bí ojú ewé bá parí, ẹni tó wà lápá inú á dẹ́kun títa, á ṣí i, ẹnì kejì á máa ta lọ kí orin má baà já. Pẹ́ńsù wà nítòsí. Bí aṣíwájú wọn bá pinnu pé òkè ni kí ọ̀pá tí wọ́n fi ń ta fayolíìnì lọ níbì kan, gbogbo wọn á sàmì sí i lójú ẹsẹ̀, nítorí bí ọ̀pá 20 bá ń gòkè tí ẹyọ kan ń sọ̀ kalẹ̀, ojú á rí i, etí náà á gbọ́ ọ. Ọmọ tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè ta fayolíìnì tó o nílé ìwé girama lè bá ara rẹ̀ ní ìjókòó kẹjọ níbí, kí wọ́n sì máa retí pé ohùn rẹ̀ á wọnú ti àwọn yòókù. Ìyẹn máa ń dun ọ̀pọ̀ ju orin tó le lọ.

Ìdákẹ́jẹ́ náà jẹ́ iṣẹ́. Nínú Sínfónì Kẹsàn-án ti Antonín Dvořák, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní New York ní 1893, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni aro dún, nínú apá kẹrin, kò sì pariwo. Orin náà gùn tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Ṣé kí ẹni tí wọ́n fa aro lé lọ́wọ́ máa wá sí gbogbo ìdánrawò ni? Àwọn kan á ní kó lọ kàwé rẹ̀. Ó yẹ kó wá. Ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń dún ṣáájú tirẹ̀, kó mọ ibi tí olùdarí ti máa ń fà á gùn. Bí aro bá yá jù tàbí tó pẹ́ jù, kò sí ìgbà kejì tó máa fi tún un ṣe.

Ìwé orin nìkan kò sì tó. Ní 1944, Fẹlá Ṣówándé, tí wọ́n bí ní Ọ̀yọ́, kọ African Suite fún àwọn ohun èlò olókùn. Inú hailáìfù ni apá kan níbẹ̀, Akinla, ti wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi Mozart kọ́ṣẹ́ lè ta gbogbo ohùn ibẹ̀ láìṣì, síbẹ̀ kí orin náà má ṣeé jó sí. Ojúṣe rẹ̀ ni kó lọ gbọ́ hailáìfù títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi mọ ibi tí ìlù ń bọ́ sí. Ọmọ tó sì dàgbà sídìí gúdúgúdú, tó mọ bí wọ́n ṣe ń di ọwọ́ ìlù kan mú láìyẹsẹ̀ kí ìyáàlù lè ráyè sọ̀rọ̀, ti ní ohun tí ọ́kẹ́sítírà ń wá.

Àmọ́ yunifásítì tó ń yọ máàkì lára ẹni tó pẹ́ dé, òun náà ní gbèsè lọ́rùn. Bassoon àti báàsì ńlá kọjá ohun tí ọ̀pọ̀ òbí lè rà. Ilé ìwé ló yẹ kó ní wọn. Nílẹ̀ wa, ọyẹ́ lè mú kí igi fayolíìnì gbẹ títí á fi là, nítorí náà yàrá tí wọ́n ń kó wọn sí nílò àmójútó. Kí ọjọ́ ìdánrawò àti ọjọ́ eré jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lè fi wé ọjọ́ ìdánwò rẹ̀. Bí méjèèjì bá sì forí gbárí, olùdarí orin ni kó lọ bá olùkọ́ kejì sọ̀rọ̀; kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ nìkan dúró láàárín ọ̀jọ̀gbọ́n méjì.