Ilé Tutù, Òtútù Kọ́: Ọ̀rọ̀ fún Onílé tí ó Fẹ́ Ra Amúlétutù

Ẹni tí ó bá ń retí pé oríkì tàbí ìjálá ni n ó sọ̀rọ̀ lé lórí yóò ní láti ṣe sùúrù fún mi. Ẹ̀rọ amúlétutù ni ọ̀rọ̀ mi lónìí. Ọdún kejì rèé tí mo ra ọ̀kan sí yàrá mi ní Ìbàdàn, ohun tí ojú mi sì rí ni ó gbé mi dé orí pèpéle yìí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yẹ orúkọ náà wò, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn. A-mú-ilé-tutù: ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ èdè. Kò pè é ní amótùútùwá. Bí a bá ní ilé kan tutù, ohun tí a ń wí ni pé kò sí ìjà níbẹ̀, pé àlejò lè sùn níbẹ̀ kí ó sì jí ire. Ṣùgbọ́n òtútù a máa mú ènìyàn ni, àìsàn a sì máa tẹ̀ lé e. Onílé tí ó bá ra ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ ju yàrá rẹ̀ lọ, òtútù ni ó fowó rà. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ a tètè mú afẹ́fẹ́ tutù, a sì tètè sinmi kí ó tó rí àyè fa ọ̀rinrin inú yàrá jáde. Ẹni tí ó wà níbẹ̀ a wá máa gbọ̀n nínú afẹ́fẹ́ tí ó ṣì rin. Ọ̀rinrin yìí gan-an ni ó bí ẹ̀rọ náà. Ní ọdún 1902, ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, ní Amẹ́ríkà, ni Willis Carrier ṣe é fún, nítorí pé bébà wọn ń wú, ó sì ń súnkì, àwọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ kò sì bọ́ sójú kan mọ́. Nítorí ìwé ni amúlétutù ṣe wáyé; ẹ jẹ́ kí n fi èyí tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀ka wa.

Àwọn baba wa kò ní ẹ̀rọ, ilé wọn sì tutù. Ògiri alámọ̀ nípọn, ó ń pẹ́ kí oòrùn ọ̀sán tó là á kọjá. Òrùlé koríko kì í gbóná bíi páànù. Àgbàlá àárín agbo ilé sì ń jẹ́ kí atẹ́gùn rí ọ̀nà. Maxwell Fry àti Jane Drew, tí wọ́n ya àwòrán ilé fún Yunifásítì Ìbàdàn, mọ èyí pẹ̀lú: wọ́n fi ògiri oníhò ṣe ojú ilé ìkàwé náà kí atẹ́gùn lè máa gbà á kọjá. Lóde òní, bulọ́ọ̀kù tẹ́ẹ́rẹ́ ni a fi ń kọ́lé, a fi páànù bò ó, a gé igi ọgbà, a da kọnkéré sílẹ̀, a wá ń fi ẹ̀rọ wá ohun tí a fọwọ́ ara wa lé lọ. N kò ní kí ẹ padà sí ilé alámọ̀. Èmi náà kò padà. Ṣùgbọ́n kí onílé tó náwó, kí ó ṣe àjà sábẹ́ páànù, kí ó dí ojú ihò ara ilẹ̀kùn, kí ó sì ta aṣọ sí fèrèsé tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọ̀.

Ó wá ku ọjọ́ tí oníṣẹ́ yóò dé. Èyí tí ó wá sílé mi so ẹ̀rọ náà mọ́ ojú iná tí a fi ń lọ aṣọ. Ní òru kẹta, òórùn ike tí ń jó ni ó jí èmi àti ìyàwó mi. Wáyà tirẹ̀ nìkan, tí ó nípọn, tí ó ti ara bọ́ọ̀dù iná wá, ni ó yẹ kí ẹ̀rọ náà ní. Ihò tí ó lu sí ògiri dà sínú ilé dípò kí ó dà síta, omi sì ń kán sórí àpótí ìwé mi. Èyí tí ó burú jù ni pé kò fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú páìpù bàbà náà tán. Ó kàn tú gáàsì díẹ̀ dànù láti fi lé wọn. Ohun tí ó bá ṣẹ́ kù níbẹ̀ a máa ba ọkàn ẹ̀rọ náà jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó gba ààbọ̀ ọjọ́, wákàtí kan ni ó fi parí rẹ̀, mo sì yìn ín!

Owó iná ń bẹ lẹ́yìn. Ẹ̀rọ tí ń jẹ kílówáàtì kan, bí kò bá sinmi fún wákàtí 8, yúnítì 8 ni ó jẹ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé yúnítì kan fún àwọn tí ó wà ní ìpele A láti ₦68 sí ₦225. Ó ti yí padà lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fi èyí ṣírò: ₦1,800 ni òru kan, ₦54,000 ni ọgbọ̀n òru. Ọdún yẹn kan náà ni owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ di ₦70,000. Irú èyí tí a ń pè ní ínfátà kì í jẹ iná tó bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ wọ́n jù lọ́jà. Lásìkò ọyẹ́, kí á máa fọ asẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì.

Ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ rárá ni pé ooru tí a fà jáde nínú yàrá kì í kú. Ìta ni a ń tú u sí. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ mi kọjú sí fèrèsé ìyá àgbàlagbà kan tí a jọ pín odi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó rán ọmọ-ọmọ rẹ̀ sí mi: “Ìyá ní kí n kí yín, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n ní ilé yín tutù, ẹ kú oríire; ṣùgbọ́n tiwọn ń jó.” Mo lọ kúnlẹ̀ bẹ Màmá. Mo wá oníṣẹ́ mìíràn, mo sanwó lẹ́ẹ̀kejì, páìpù gùn sí i, gáàsì sì lé sí i, a gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé níbi tí kò kọjú sí ẹnì kankan àfi igi máńgòrò.