Ọmọ Wa Tó Fẹ́ Ka Fàínáǹsì ní Yunifásítì

 

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀. Àwọn kan nínú wa ní kí ẹgbẹ́ má yá ẹnikẹ́ni lówó ilé-ìwé nítorí ọmọ tó fẹ́ ka fàínáǹsì. Wọ́n ní, "Ṣé ọdún mẹ́rin lèèyàn fi ń kọ́ owó kíkà ní báńkì ni?" Àwa ìgbìmọ̀ rò ó, a ní ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa.

Ẹni tó ka àkáńtì á sọ bí owó ṣe wọlé àti bó ṣe jáde. Ẹni tó ka fàínáǹsì á bèèrè pé: níbo ló yẹ kí owó yìí wà kó lè mú èrè wá? Ewu wo ló wà níbẹ̀? Tá a bá yá a, èló ló máa ná wa gan-an?

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Ẹnì kan yá yín ní ₦100,000 fún oṣù mẹ́wàá, ó ní èlé rẹ̀ ò ju ₦10,000 lọ, kí ẹ máa san ₦11,000 lóṣooṣù. Ẹ ó rò pé ₦10 lórí ₦100 ni. Ṣùgbọ́n oṣooṣù lẹ̀ ń dá owó orí padà. Tí ẹ bá ṣírò gbèsè tó wà lọ́rùn yín láti oṣù kìn-ín-ní dé ìkẹwàá, tí ẹ pín in dọ́gba, ₦55,000 ni. Èlé ₦10,000 lórí ₦55,000 ju ₦18 lórí ₦100 lọ! Irú ìṣirò tí wọ́n ń kọ́ wọn nìyẹn. Ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n, ayánilówó ò ní lè rẹ́ ìyá rẹ̀ jẹ.

Ní UNILAG, Finance ni wọ́n ń pè é. Ní OOU, Àgọ́-Ìwòyè, Banking and Finance ni. Ọmọ gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì márùn-ún, kí Gẹ̀ẹ́sì, mátíìsì àti Economics wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe dá ọmọ dúró ti ìsọ̀ lọ́jọ́ tó ní lẹ́sìn mátíìsì. Láti SS1 ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ti owó ńkọ́? Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ẹ̀kọ́ gan-an, àmọ́ àwọn owó mìíràn tí wọ́n ń gbà kò kéré. NELFUND, tí òfin ọdún 2024 gbé kalẹ̀, ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó láìsí èlé. Owó ilé-ìwé ni wọ́n ń san fún ilé-ìwé tààrà, ó sì di ọdún méjì lẹ́yìn tí ọmọ bá parí NYSC kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà. Kí ọmọ kọ́kọ́ lọ síbẹ̀; kí owó ẹgbẹ́ wá gbọ́ ti ibùsùn, ìwé àti oúnjẹ.

A ò ní tàn yín: ìwé ẹ̀rí nìkan kì í fúnni níṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ṣì ń jókòó ṣe ìdánwò ICAN tàbí CIBN. Ṣùgbọ́n báńkì nìkan kọ́ ni ọ̀nà. Ìnṣọ́ránsì wà, iléeṣẹ́ owó ìfẹ̀yìntì wà, ìwé ẹgbẹ́ tiwa náà ń fẹ́ ojú tó mọ ìṣirò.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Àwa mọ ọjà, kí àwọn náà mọ̀wé owó. Tá a bá dé ìpàdé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa nawọ́ sí i.

Ẹgbẹ́ wa ò ní tú o. Ire o.