Ìlú Onílùú àti Ohun tí Àlejò Ń Béèrè

Àwọn àgbà ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi rìn jìnnà, mo sì rí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú ń rí lájò ni inú ń dùn sí.

Ní ọdún 2011, mo wọ bọ́ọ̀sì ní Vientiane, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Laos ní gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà. Luang Prabang ni mò ń lọ, ìlú àtijọ́ tí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé ní ọdún 1995. Mo ní kí n sùn ní Vang Vieng tó wà lójú ọ̀nà. Èdè olóhùn ni èdè Lao bíi tiwa: bí ohùn bá yí, ìtumọ̀ lè yí. Mo ti kọ́ ìkíni wọn, ‘sabaidee’, ẹnu sì ń yún mi láti lò ó.

Ìlú náà lẹ́wà. Òkè olókùúta ẹfun yí i ká, odò Nam Song sì ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1999 ni àwọn àlejò ti ń jókòó sínú tíúbù táyà, tí odò ń gbé wọn lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Eré ìtura ni, àfi ìgbà tí ilé ọtí pọ̀ létí odò, tí àwọn ọ̀dọ́ arìnrìn-àjò ń mu láti ilé dé ilé kí wọ́n tó bẹ́ sómi. Nígbà tí mo débẹ̀, ariwo orin ti bo ohùn odò mọ́lẹ̀. Mo kí ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún mi ní èdè rẹ̀; Gẹ̀ẹ́sì ló fi bi mí pé kí ni mo fẹ́ mu.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, àwọn mọ́ńkì ẹlẹ́sìn Búdà ń rìn láìwọ bàtà. Àwọn ìyá àgbà kúnlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń fi ìrẹsì sínú abọ́ wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ti òde àríyá bọ̀ gba àárín wọn kọjá, ọtí ń tì wọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìyá kan gbójú sókè, kò wí nǹkan kan, ó tún bu ìrẹsì.

Inú bí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí bọ́ọ̀sì gbéra, mo bi ara mi léèrè: ìkíni kan ṣoṣo ni mo kọ́, bí ìyá yẹn bá jẹ́ mi, kí ni ǹ bá tún sọ?

Ọ̀rọ̀ náà ju ìjákulẹ̀ tèmi lọ. Ìròyìn láti ilé ìwòsàn ìlú náà ni pé ó kéré tán, àlejò 27 ló kú ní ọdún 2011 yẹn: àwọn kan rì, àwọn mìíràn forí gbá òkúta. Ní ọdún 2012, ìjọba ti àwọn ilé ọtí etí odò pa. Síbẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, àlejò 6 kú lẹ́yìn ọtí tí wọ́n mu níbẹ̀, tí a fura pé májèlé methanol wà nínú rẹ̀.

Ẹnìkan lè ní onílé ló jẹ̀bi, nítorí òun ló ń ta ọtí. Lóòótọ́ ni, àmọ́ ohun tí àlejò bá ń béèrè ni ọjà ń tà. Ohun tí ojú wá ni ojú ń rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá dé ìlú onílùú, ẹ béèrè orúkọ odò kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ kọ́ ìkíni, kí ẹ sì kọ́ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé ìkíni.