Ọ̀rọ̀ Ìdágbére: Ta Ló Fi Í Lé Ọ Lọ́wọ́?

Ẹ̀yin ọba wa, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí tí ẹ ti Bassila àti Manigri wá sí Pénéssoulou, mo júbà. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú oríire. Ó tó. Oòrùn ti ń mú.

Ẹni tó ń da kóòdù ẹlòmíràn kọ láìmọ ohun tí kóòdù náà ń ṣe, òun ló ń bí mi nínú lẹ́nu iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yìí. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín.

Bí táksí láti Cotonou bá já ọ sí Bassila, oní-zém, ọlọ́kadà, lo máa sọ ìyókù ọ̀nà fún. Bẹ́ẹ̀ ni sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń dá ẹni tó béèrè ojú ìwé lóhùn, ń ṣe. Ẹnì kan béèrè /iwe.php/Pénéssoulou/2024. Sáfà tọ ọ̀nà náà títí ó fi bá script iwe.php; ìyókù, /Pénéssoulou/2024, ló fi lé script náà lọ́wọ́ lórúkọ PATH_INFO. Láti ìgbà CGI ni, àdéhùn láàárín sáfà àti script, èyí tí wọ́n gbé jáde ní NCSA, ibùdó kọ̀ǹpútà kan l'Amẹ́ríkà, ní 1993, tí ìwé RFC 3875 wá to òfin rẹ̀ ní 2004. Àní é inú orúkọ ìlú yín, %C3%A9 ló ń jẹ́ lójú ọ̀nà. Kó tó di PATH_INFO, wọ́n ti tú u. QUERY_STRING, ìyẹn ohun tó tẹ̀ lé àmì ìbéèrè nínú ọ̀nà, ni wọn kì í tú.

Mo bá ilé iṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ rí, n kò ní dárúkọ rẹ̀. À ń gba fọ́tò àwọn oníbàárà. Olè kan fi kóòdù PHP pamọ́ sínú fọ́tò, ó wá béèrè /foto/aja.jpg/x.php. Nginx, sáfà wa, rí .php nídìí rẹ̀, ó tì í sí PHP. PHP wá x.php tì, cgi.fix_pathinfo, ètò tó ń jẹ́ kí ó wo ẹ̀yìn ọ̀nà, sì wà ní 1, ló bá padà sẹ́yìn lọ bá aja.jpg, ó ṣí i bíi kóòdù. Nígbà náà, PHP-FPM, tó ń bá nginx ṣí kóòdù PHP, kò tíì ní security.limit_extensions tó ń dènà irú rẹ̀ lónìí.

Ta ni wọ́n lé kúrò níṣẹ́? Ọmọbìnrin ibi káńtà tó gba fọ́tò! Ọ̀gá tó kọ ètò nginx náà jókòó síbẹ̀, ó ń mu kọfí. Mo bi í pé kí ló dé tó fi kọ ọ́ báyẹn. Ó ní bí gbogbo ayé ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn.

Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí. Mo gbọ́ pé ọwọ́ rẹ yá. Bí ọ̀gá bá ní kí o lẹ kóòdù kan mọ́ iṣẹ́ rẹ kó o má béèrè, béèrè. Bó bá bínú, tún béèrè. Kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, kọ ọjọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pe ọmọ ibi káńtà wọ ọ́fíìsì, mú ìwé yẹn dání, kí o sì bá a wọlé.